Òrùlé Tí Sìdíkátù Kọ̀ Láti Yìn

Ẹni tó bá mọ Sìdíkátù ọmọ Fàtímọ̀ láti kékeré kò ní bèèrè ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe. Ọmọ yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà tí inú rẹ̀ bá ń sọ "bẹ́ẹ̀ kọ́". Nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìfọ̀nyìn, ìlú tí àwọn ará ọ́fíìsì ń kọ ní Ifangni, olùkọ́ ṣe ìṣirò kan sójú pátákó, ó ṣì í, gbogbo kíláàsì sì dà á kọ bó ṣe wà. Sìdíkátù nìkan ló gbé bíìkì ìkọ̀wé rẹ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ nà án, ó sunkún, kò sì kọ ọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà tún ìṣirò ọ̀hún wò, ó rí i pé òun lòun ṣì í. Ṣé ó bẹ ọmọ ọlọ́mọ? Kò bẹ̀ ẹ́ o. Ó ní kó lọ jókòó, pé agídí rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọmọ obìnrin. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í, tó máa ń yọjú wo ìṣirò rẹ̀ lójoojúmọ́, ni wọ́n ń pè ní Augustin. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ wá kàn wá.

Abọ́ ike ni Fàtímọ̀ ń tà ní Ìgólò, lẹ́nu ibodè, níbi tí èèyàn ti lè fi ẹsẹ̀ kan sílé kó fi èkejì sí Nàìjíríà. Abọ́ tó bá ti sán, Sìdíkátù ló ń kó o jọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ lò ó. Ó fẹ́ mọ ibi tí sísán náà ti bẹ̀rẹ̀, àti ìdí tí kò fi bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Ìyá rẹ̀ á ní, "Sìdí, ike ni ike, quoi. Dà á nù." Kò ní dà á nù. Ìwé ló gbé e kúrò nídìí abọ́ dé Àjàṣẹ́, ó gbé e dé Kútọnú, lẹ́yìn náà ni ìjọba Ìyípadà, àwọn tó ń pe tọmọdé tàgbà ní kamaráàdì, wá rán an lọ sí Toulouse nílẹ̀ Faransé láti gboyè ọ̀mọ̀wé. Wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀, n kò ní tìtorí ìbínú sọ pé wọn kò ṣe é.

Àwọn aládùúgbò rò pé abọ́ ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ lọ́hùn-ún. Kì í ṣe abọ́. Ike nìkan, ó máa ń tẹ̀. Iko nìkan, ìyẹn okùn tí wọ́n ń bó lára ewé ògùrọ̀, ó lágbára bí o bá fà á, àmọ́ kò lè dá dúró. Ṣùgbọ́n bí o bá to iko, tí o da oje ike lé e, tí o tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí ó fi gbẹ, ó di pákó tó le, tó sì fúyẹ́. Iṣẹ́ Sìdíkátù ni láti kọ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà bí irú pákó bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbé ẹrù, kó lè sọ ibi tí yóò ti ṣẹ́ àti ìgbà tí yóò ṣẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ náà yóò gé pákó sí wẹ́wẹ́ nínú ara rẹ̀, bí ojú àwọ̀n apẹja. Yóò bi ojú kọ̀ọ̀kan léèrè pé kí ni wọ́n gbé lé ọ, ọ̀nà wo ni iko rẹ kọjú sí, omi wo lo ti mu. Ìdáhùn ojú kan ni yóò fi bi èkejì. Bó bá rẹ ọ̀kan, àwọn tó yí i ká ni yóò gba ẹrù rẹ̀ rù, tí ó bá sì rẹ àwọn náà, pákó ti là nìyẹn. Ọdún gbáko ni Sìdíkátù fi kọ òfin yìí fún ẹ̀rọ, níbi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tò sí ìdí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Kò sí ọ̀nà tí iko lè kọjú sí tí kò bi ẹ̀rọ náà léèrè.

Nígbà tó wá sílé ní ọdún 1986, ó fi pákó kékeré kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe han àwọn ará ìlú. Augustin, ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́, ti di olórí ìgbìmọ̀ tó ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tuntun. Ó gba pákó náà, ó gbá a mọ́lẹ̀, kò fọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò fẹ́ dá a padà. Ó ní páànù tí wọ́n ń rà lókèèrè ti tó gẹ́ẹ́, iko àbáláyé ni àwọn máa fi bo ilé àwọn. Ìyẹn dùn mọ́ Sìdíkátù náà nínú. Ó kọ bí wọ́n ṣe ń po oje náà sílẹ̀ fún un, ó ní kí wọ́n má ṣe ohunkóhun títí òun yóò fi dé.

Ẹ̀yin náà mọ Augustin. Ọ̀pọ̀ wa ló ní irú rẹ̀ nílé. Kò dúró.

Nígbà tí Sìdíkátù padà dé ní ìparí ọdún 1987, ilé ìgbẹ̀bí ti dúró, wọ́n ti fi páànù ike tuntun bò ó, ó ń dán nínú oòrùn. Ó wo òrùlé náà láti òkèèrè, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, inú rẹ̀ dùn lóòótọ́. Ó gba àkàbà, ó gùn ún, ó fi ìka kan etí páànù kan. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ẹní ló wà nínú ike yẹn. Odindi ẹní Tchaada, ìlú tòsí tí wọ́n ti ń hun ẹní, ni wọ́n tẹ́, tí wọ́n da oje lé lórí.

Ẹni tó bá ti sùn lórí ẹní Tchaada rí mọ bó ṣe rí. Ìbú ni iko rẹ̀ ń gbà, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló wá ń dè é pọ̀ ní òró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní ṣe é ká. Ṣùgbọ́n òró ni wọ́n gbé páànù wọ̀nyẹn lé igi òrùlé, láti igi kan dé èkejì. Nítorí náà, láàárín igi méjì, kò sí ẹyọ iko kan tó so wọ́n pọ̀. Gbogbo iko náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọn kò gbé nǹkan kan. Ike nìkan ló ń gbé ara rẹ̀. Wọn kò sì fi oje dí ẹnu iko létí páànù, omi yóò máa wọ inú rẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀. Nínú gbogbo ọ̀nà tí Sìdíkátù bi ẹ̀rọ, èyí ló burú jù. Ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ fún un ní òjò ọdún kan.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó wá bàbá Ṣàngóyẹmí lọ, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn ahunẹní ní Tchaada, tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ hun gbogbo ẹní náà. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó wá ṣàlàyé pé wọ́n gbọ́dọ̀ yí iko náà sí òró.

Bàbá wò ó títí. "Ẹní tí kò ṣe é ká, báwo ni n ó ṣe rù ú dé ọjà?"

"Bàbá, ẹ kò rù ú lọ sọ́jà mọ́. Òrùlé lẹ fi í ṣe."

"Ẹní ni wọ́n ní kí n hun. Ẹní ni mo hun. Mi ò hun ẹní tí kò ṣe é ká rí, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó mi." Bó ṣe kọ ẹ̀yìn sí i nìyẹn, tó tún mú iko rẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ló ṣe, ó sì ṣe é dáadáa.

Ọ̀dọ̀ Augustin ló kù. Ó bá a ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀.

"Augustin, ta ló ní kí ẹ lo ẹní?"

"Camarade, ìwọ lo ní iko àti ike. Ṣé ẹní kì í ṣe iko ni?"

"Iko ni. Ibi tó kọjú sí ni mò ń bá ọ sọ. Òrùlé yẹn máa wó."

Augustin bú sẹ́rìn-ín. Ó fà á lọ sẹ́nu fèrèsé, ó nawọ́ sí òrùlé. "Ó ń wó báyìí?"

"Òjò kò tíì rọ̀ sí i. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá fi lè rọ̀ dáadáa, ó parí. Jẹ́ kí a tú u. Kí a tún un ṣe."

"Kí a tú u, kẹ̀? Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Kútọnú fún àjọ̀dún Ìyípadà, o ní kí a ṣí ilé sílẹ̀ lórí wọn?" Ojú rẹ̀ le. "Gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ìwọ lo máa dìde, wàá sọ pé ọmọ Ìfọ̀nyìn ni ọ́, pé ìmọ̀ rẹ ló bo ilé yìí, pé òrùlé tó dára ni. Ìyẹn náà ni. Donc, lọ́jọ́ kejì, n ó fọwọ́ sí i pé o ṣe ìlú lóore, Kútọnú á fún ọ ní ìwé àṣẹ ìjáde, wàá padà lọ gboyè rẹ ní oṣù kìíní. Bí o kò bá sọ ọ́, mi ò mọ̀ ọ́. Wàá wà níbí, kí àwọn òyìnbó rẹ máa dúró dè ọ́."

Ṣé ẹ rí i? Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí ìjọba bá rán níwèé kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Kútọnú láìsí ìwé àṣẹ ìjáde. Bí Sìdíkátù kò bá sì dé Toulouse kí oṣù kìíní tó parí, àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò yóò túká, wàhálà gbogbo ọdún wọ̀nyẹn yóò sì wọlẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò sí ní Ìfọ̀nyìn. Iná mànàmáná gan-an kò dájú.

Ó gba Ìgólò lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Fàtímọ̀ ń nu abọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin láì dá iṣẹ́ dúró, ó wá ní, "Sọ ọ́, kí o máa lọ."

"Irọ́ ni, Màámi."

"Mo gbọ́. Ta ni kì í purọ́ fún àwọn yẹn? Àárọ̀ àárọ̀ la ń pariwo 'Ehuzu' Ìyípadà wọn, tí a ń dáhùn 'Dandan', ṣé ohun tó wà nínú wa nìyẹn? Sọ ọ́, kí o gba ìwé rẹ. Ṣé ìwọ lo máa bímọ lábẹ́ rẹ̀ ni?"

"Odile ló máa bímọ lábẹ́ rẹ̀."

Ọwọ́ Fàtímọ̀ dúró lórí abọ́. Odile, ìyàwó ilé kejì wọn, ló ń pọnmi fún un nígbà tí orúnkún ń dùn ún. Oyún inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni, àsìkò òjò ni yóò bí i. Fàtímọ̀ kò sọ pé kí ọmọ rẹ̀ sọ ọ́, kò sọ pé kó má sọ ọ́. Inú bí i ni. Ó ju aṣọ ìnu-abọ́ sílẹ̀, ó ní òun kò mọ ibi tí Sìdíkátù ti kó irú orí yìí wá, àmọ́ ó mọ̀ dáadáa pé ara òun ló ti kó o.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Wọ́n so àsíá, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ẹnu ọ̀nà lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn àlejò jókòó lórí àga. Augustin ní kí wọ́n kó àwọn aláboyún jókòó sí ìloro ilé ìgbẹ̀bí, lábẹ́ òrùlé tuntun gan-an, kí ayé lè rí wọn. Odile wà níwájú, ó wọ aṣọ tuntun. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí, kí Augustin tó pe "camarade Sìdíkátù, ọmọ wa, ọlọ́gbọ́n wa." Ó fi míkró gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́, ó rọra sọ fún un létí ní Faransé pé kó má gùn.

Kò gùn. Èdè Yorùbá ló fi sọ ọ́, kó lè yé àwọn tó kàn.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èmi ni mo kọ́ wọn ní oje ike yìí. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n wọ́n to iko inú rẹ̀ lódì. Òrùlé tó wà lórí yín yẹn máa wó nígbà òjò. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ inú rẹ̀ kó má bímọ lábẹ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi tún un ṣe."

Augustin na ọwọ́ sí míkró, Sìdíkátù gbé e sápá kejì. Àwọn ará Kútọnú ń bèèrè lọ́wọ́ ara wọn pé kí ló sọ. Bàbá Ṣàngóyẹmí ló kọ́kọ́ dìde tìbínútìbínú.

"Kí wọ́n tó bí bàbá tó bí ọ ni mo ti ń hun ẹní. Ẹní mi ti ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí?"

"Rárá, Bàbá," ni Sìdíkátù dáhùn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ilẹ̀ ló ń gbé ẹní yín. Ẹní yín kò tíì gbé ara rẹ̀ rí."

Bàbá yíjú padà sí ilé náà. Ó wo òkè, ó wo igi kan, ó wo igi kejì, ó ń fi ojú wá iko tó lọ láti ọ̀kan dé èkejì. Kò rí i. Ó jókòó.

Odile ló dìde tẹ̀ lé e. Ó so ìró rẹ̀ le, ó gbé àga rẹ̀, ó rìn jáde kúrò ní ìloro wá sínú oòrùn, ó sì gbé àga kalẹ̀ síbẹ̀. Aláboyún kejì tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí ìloro fi ṣófo, tí gbogbo wọn sì jókòó sínú oòrùn ọ̀sán, tí wọ́n ń fi ìborùn bo orí, tí wọ́n sì ń wo Augustin. Kò sí ẹni tó lù wọ́n, kò sí ẹni tó lé wọn padà. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún wọn?

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Augustin wá bá a lábẹ́ igi. Kò pariwo. "O kò ní kúrò nílẹ̀ yìí," ló wí. "Láyé, o kò ní gboyè yẹn."

"A ó rí i," ni Sìdíkátù wí, ó sì lọ sílé lọ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ìwé tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, iṣẹ́ tó fẹ́ fi gboyè, sínú ọpọ́n ike ńlá kan, gbogbo takàdá gígùn tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí ihò wẹ́wẹ́ wà létí wọn, ó rù ú. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìjáde yẹn, ẹlòmíràn ni kí wọ́n máa fi dẹ́rù bà, kì í ṣe ọmọ Ìfọ̀nyìn. Bí Kútọnú ti ilẹ̀kùn, Èkó wà lọ́hùn-ún, ọkọ̀ òfuurufú sì ń gbéra níbẹ̀ náà. Ohun tó ń dun Fàtímọ̀ nìyẹn, nítorí ẹni tó bá lọ báyìí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á padà sílé. Ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ títí dé Ìgólò, ó fẹ́ kí wọ́n gba ọ̀nà igbó tí àwọn alábàárù ń gbà, ibi tí ṣọ́jà kì í sí. Sìdíkátù fi àáké kọ́rí.

"Kí ni mo jí? Ojú ọ̀nà ni mo máa gbà."

"Wọ́n á dá ọ dúró."

"Kí wọ́n dá mi dúró."

Wọ́n dá a dúró. Ṣọ́jà kan, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò rí oorun sùn, nawọ́ síwájú lẹ́nu okùn tí wọ́n fi dí ọ̀nà. "Ìwé àṣẹ ìjáde dà?"

"Kò sí."

"Kí ló wà nínú ọpọ́n?"

"Òrùlé ni."

Ọkùnrin náà wò ó. Ó sọ ọpọ́n kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó ṣí takàdá náà, ó rí nọ́ńbà lórí nọ́ńbà, àti àwòrán pákó tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ bí ojú àwọ̀n.

"Ìwọ lo sọ̀rọ̀ lánàá."

"Èmi ni."

"Ìyàwó mi wà lára àwọn tó gbé àga jáde. Ó ní òun kò ní bímọ síbẹ̀. Mo bú u, mo ní ó ń dójú ti iṣẹ́ mi." Ó gbójú sókè. "Òrùlé yẹn, ó máa wó lóòótọ́? Ó dá ọ lójú?"

Sìdíkátù ti ń múra sílẹ̀ de ìbéèrè yìí láti ọdún tó wọ Toulouse. Ó ti rò pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n onígíláàsì lójú ni yóò bi òun, nínú gbọ̀ngàn, àti pé òun yóò dáhùn pẹ̀lú ìwọ̀n àti ìdíwọ̀n, pẹ̀lú "bí ó bá jẹ́" àti "àfi bí". Bí ó bá ṣì í, ìyàwó ọkùnrin yìí ti jà lásán.

"Ó dá mi lójú," ló wí.

"Kí ni kí n wá sọ fún un?"

"Sọ fún un pé ilé ìyá rẹ̀ ni kó ti bí i. Kí o sì bẹ̀ ẹ́."

Ọkùnrin náà ká takàdá náà padà bó ṣe wà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọpọ́n lé e lórí, ó sì tú okùn. Fàtímọ̀ dúró lẹ́yìn, kò juwọ́. Sìdíkátù kọjá sí Ìdí-Ìrókò, lápá Nàìjíríà, láì bojú wẹ̀yìn.

Òrùlé náà wó ní oṣù kẹrin, lọ́sàn-án gangan, nínú òjò. Kò sí ẹnì kankan lábẹ́ rẹ̀.